Pépà mi lórí àdéhùn Èkó ọdún 1861: jọ́nà méjì ti dá a padà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo parí ẹ̀kọ́ másítà nínú òfin àgbáyé lọ́dún tó kọjá. Orí kan nínú àpilẹ̀kọ mi dá lórí ìwé àdéhùn tí Ọba Dòsùnmú buwọ́ lù ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, èyí tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi Èkó nígbà náà pẹ̀lú ìbọn ńláńlá rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè nínú pépà mi ni pé, àdéhùn tí wọ́n fi ìbọn gbà lọ́wọ́ ọba, ṣé àdéhùn ni lójú òfin? Ìsàlẹ̀ Èkó ni agboolé wa wà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá àgbà, nítorí náà ó ju ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí lọ lọ́dọ̀ mi.

Mo sọ orí náà di pépà, mo sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń tẹ ìwádìí wọn sí. Jọ́nà àkọ́kọ́ dá a padà lọ́jọ́ kẹrin, wọn ò tilẹ̀ gbé e fún aṣàyẹ̀wò kankan. Ìkejì gbé e lọ́wọ́ fún oṣù méje, wọ́n wá ní mo ka àwọn òǹkọ̀wé púpọ̀ ṣùgbọ́n n kò ka ẹ̀rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ímeèlì kan tún wọlé: wọ́n ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó lórúkọ, wọ́n ní kí n san dọ́là 180, pépà mi á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí n san án kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Òfin, Ìbàdàn

Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Owó ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dún 2013, nígbà tí mò ń wá ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, irú ímeèlì yìí gan-an ló bá mi. Mo sanwó, pépà jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga jókòó, wọ́n yọ ọ́ sọnù. Èyí tó dùn mí jù ni pé n kò lè gbé pépà náà lọ síbòmíràn mọ́, torí jọ́nà gidi kì í gba ohun tó ti jáde rí. Iṣẹ́ ọdún méjì ló bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ báyìí rèé. Jọ́nà tó bá ń gba òfin, ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ra nínú ìwé kan náà, mo máa ń sá fún un. Tí wọ́n bá ṣèlérí pé àyẹ̀wò á parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irọ́ ni, torí ẹni tó máa ka pépà òfin dáadáa nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣẹ́ tirẹ̀ náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mú orúkọ méjì nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé wọ́n jẹ́ olóòtú, lọ sí ojú-ewé yunifásítì wọn, kí o kọ ímeèlì sí wọn tààrà. Mo ti ṣe é rí, ọ̀jọ̀gbọ́n náà fèsì pé òun ò mọ nǹkan kan nípa jọ́nà ọ̀hún. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ń jí orúkọ jọ́nà gidi, wọ́n á kọ́ wẹ́ẹ̀bù tó jọ ti tòótọ́ bí ìbejì. Nítorí náà, má ṣe tẹ ìlíǹkì inú ímeèlì. Láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà náà ni kí o ti wọlé.

Àwọn kan á ní kí o wo àkójọ Jeffrey Beall, ẹni tó kọ orúkọ àwọn jọ́nà ayédèrú sílẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ọkùnrin náà ti gbé àkójọ yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn gbé pamọ́ sì ti ń gbó. DOAJ ni kí o wò fún jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé jọ́nà tí láìbìrérì ń sanwó fún kì í sí níbẹ̀, kò sì sọ wọ́n di ayédèrú. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ọ̀pọ̀ jọ́nà tó lórúkọ jù kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, àwọn láìbìrérì ló ń bá wọn san án. Bí o bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí pépà rẹ kà láìsanwó ni àwọn kan á tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó. Bó bá débẹ̀, kọ̀wé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ kí wọ́n tó fún pépà náà lọ́wọ́ aṣàyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ wọn ní ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa.

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Olùkọ́ ti sọ ti owó. Èmi fẹ́ mú ọ̀rọ̀ jọ́nà kejì, torí mo rò pé oore ni wọ́n ṣe ọ́. “Ó ka òǹkọ̀wé púpọ̀, kò ka ẹ̀rí.” Nínú òfin tó gbé Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague kalẹ̀, abala 38 ló sọ ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìdájọ́ lé: àdéhùn, àṣà tí àwọn orílẹ̀-èdè gbà bí òfin, àti àwọn ìlànà òfin tí gbogbo ayé gbà. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n pè é, bí wọ́n ṣe pe ìdájọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ náà. Pépà tó bá kún fún “lágbájá sọ pé, tàmẹ̀dò sọ pé”, ọwọ́ ẹ̀yìn ló fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni pé wọ́n á gbé abala 52 àdéhùn Vienna ọdún 1969 jáde, ìyẹn òfin àgbáyé lórí bí a ṣe ń ṣe àdéhùn. Abala náà ní àdéhùn tí wọ́n fi ipá ogun gbà kò já mọ́ nǹkan kan, wọ́n á sì fi lu àdéhùn ọdún 1861. Àdéhùn Vienna kan náà ló sọ ní abala 4 pé òun kò ní ipá lórí àdéhùn tó ti wà ṣáájú òun. Ọdún 1980 ló sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà ìdájọ́ erékùṣù Palmas lọ́dún 1928, èyí tí Max Huber dá láàárín Amẹ́ríkà àti Netherlands, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òfin ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ la fi ń wọn nǹkan náà. Bí o kò bá dáhùn ìyẹn ní ojú-ewé àkọ́kọ́, olóòtú á dá a padà lọ́jọ́ kẹrin.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Òfin ìgbà yẹn pàápàá ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Wọ́n gbà pé bí orílẹ̀-èdè kan bá fi ogun mú òmíràn, tí ìyẹn sì buwọ́ lu àdéhùn, àdéhùn náà dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dẹ́rù ba ẹni tó ń buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, àdéhùn náà kò dúró. Lọ́jọ́ náà, ta ni wọ́n halẹ̀ mọ́, Dòsùnmú ni àbí ìlú Èkó? Ọba ni ìlú, ìlú sì ni ọba. Kó o tó lè dáhùn ìyẹn, o gbọ́dọ̀ ka ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni pépà rẹ wà, àbúrò.

O sì gbọ́dọ̀ dojú kọ ìdájọ́ Bakassi ti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Nàìjíríà ní àdéhùn ààbò tí àwọn ọba àti ìjòyè Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1884 kò fún Gẹ̀ẹ́sì lágbára láti gbé ilẹ̀ wọn fún Jámánì lọ́dún 1913. Ilé-ẹjọ́ kò gbà, adájọ́ 13 sí 3 ló sì fún Kamẹrúùn ní Bakassi. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí kò fara mọ́ ọn ni ọmọ Abẹ́òkúta níbí, Bọ́lá Ajíbọ́lá, tí Nàìjíríà yàn gẹ́gẹ́ bí adájọ́ fún ẹjọ́ náà. Ka ìpínrọ̀ 203 sí 209 ìdájọ́ náà, lẹ́yìn náà kí o ka èrò Ajíbọ́lá àti ti Koroma, òun náà wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí wẹ́ẹ̀bù ilé-ẹjọ́ náà, títí kan ìwé tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ àti ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu níwájú adájọ́. Ìmọ̀ràn tí ilé-ẹjọ́ kan náà gbà wọ́n lórí Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1975 náà wúlò, níbi tí wọ́n ti sọ pé ilẹ̀ tí àwọn èèyàn tó ní ètò ìṣèlú ń gbé kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó.

Ó wù mí kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ èyí: ọmọ Èkó, Taslim Ọláwálé Elias, ló darí ìgbìmọ̀ gbogboogbò ní ìpàdé Vienna lọ́dún 1968 àti 1969, níbi tí wọ́n ti jíròrò abala 52 náà. Òun náà ló di ààrẹ Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé láti ọdún 1982 sí 1985. Àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn wà lórí wẹ́ẹ̀bù Àjọ UN. Ọmọ Èkó ló wà lórí àga nígbà tí ayé ń sọ pé àdéhùn ipá kì í ṣe àdéhùn. Má jẹ́ kí pépà rẹ kọjá láìdé ibẹ̀.

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n Agbẹjọ́rò, ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò, nípa ìwé ọjọ́ náà gan-an: ó wà ní Kew, ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀fẹ́ ni káàdì ìwọlé, ọ̀fẹ́ sì ni kí o fi fóònù rẹ ya àwòrán ìwé. Wo àkójọ FO 84, ìyẹn àwọn ìwé òwò ẹrú, níbi tí lẹ́tà àwọn kọ́ńsù, àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà, àti CO 147 tó jẹ́ ti Èkó lẹ́yìn tí wọ́n gbà á.

Ohun kan wà tó gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀ ọ́n, n kò fẹ́ kó jẹ tìrẹ. Bí o bá tẹ “Dosunmu” sínú ẹ̀rọ ìwákiri wọn, nǹkan díẹ̀ ni wàá rí. “Docemo” ni wọ́n kọ ọ́. Abẹ́òkúta jẹ́ “Abbeokuta”. Jókòó, kí o kọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí etí Òyìnbó lè gbà gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí o wá gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí o kò bá lè wá sí Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1862 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ àwọn lẹ́tà lórí gbígba Èkó fún àwọn aṣòfin wọn. Lẹ́tà tí Lord Russell, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1861 pé kí wọ́n gba Èkó wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn McCoskry, ẹni tó ń dúró bíi kọ́ńsù nígbà náà. Fi déètì lẹ́tà Russell àti ti àdéhùn síra wọn: wọ́n ti pinnu ọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹnikẹ́ni tó bá ọba sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí ńlá nìyẹn fún ohun tó o fẹ́ sọ. Àwọn ìwé àdéhùn àtijọ́ tí Hertslet kó jọ náà wà lórí Internet Archive, a sì lè gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ka abala kejì àdéhùn náà pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ní Dòsùnmú lè máa jẹ́ ọba “ní ìtumọ̀ tí àwọn ará Áfíríkà ń fún un”, kó sì máa parí ìjà láàárín àwọn ará Èkó bí àwọn náà bá gbà. Gbólóhùn yẹn nìkan tó pépà kan.

Ọmọ Kétu, Kutọnu

Mo kí yín láti ìhà ibí. Ẹ má gbàgbé èdè Faransé. Èdè méjì ni Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé fi ń kọ ìdájọ́, ìparí ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú méjèèjì. Mo ti rí pépà tí wọ́n gbé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìtumọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì sí bẹ́ẹ̀ nínú ojúlówó.

Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni èmi ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tó gé wa sí méjì, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìwé tiwa wà ní ilé àkójọ ìwé ní Porto-Novo. Bí ẹ bá fẹ́ rí bí àwọn adájọ́ ṣe ń wọn lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ amúnisìn, ẹ ka ìdájọ́ Benin àti Niger ti ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2005, èyí tó fún Niger ní erékùṣù Lété. Ó dùn wá níhìn-ín, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin àgbà, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka gbogbo èyí. N kò dá ímeèlì owó yẹn lóhùn mọ́.

Ìbéèrè méjì. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì, gbogbo ojú-ewé jọ́nà ló ń béèrè owó lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe máa kàwé? Ìkejì, ìyá àgbà mi àti àwọn àgbà méjì ládùúgbò mọ ìtàn bí ọjọ́ náà ṣe rí, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bí wọn. Ṣé mo lè fi wọ́n sínú pépà òfin?

Olùtọ́jú Ìwé

Iṣẹ́ mi ni ti ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wá ìwé lójoojúmọ́.

Kọ́kọ́ padà sí láìbìrérì yunifásítì rẹ, bí o tilẹ̀ ti parí, béèrè bóyá wọ́n wà nínú Research4Life, ètò tó ń ṣí jọ́nà sílẹ̀ fún àwọn iléèwé ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GOALI, ti òfin gan-an ni. Ọ̀pọ̀ iléèwé ní ẹ̀tọ́ sí i tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kò sì mọ̀. Bí wọn ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, bá ọ̀gá láìbìrérì sọ̀rọ̀, kò le.

Lórí àkàǹtì ara rẹ, JSTOR ń jẹ́ kí èèyàn ka iye pépà kan lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́. SSRN ni ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ òfin ń gbé ẹ̀dà iṣẹ́ wọn sí. Fi Unpaywall sí orí ẹ̀rọ rẹ, á máa wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún ọ. Àwọn àdéhùn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ UN wà ní treaties.un.org. Àjọ náà tún ní àkójọ ẹ̀kọ́ òfin àgbáyé olóhùn àti àwòrán, níbi tí àwọn adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń kọ́ni, kò sì gba owó. Fún ti Áfíríkà, wo AfricanLII fún òfin àti ìdájọ́, kí o wo AJOL fún jọ́nà. African Human Rights Law Journal tí wọ́n ń tẹ̀ ní Pretoria ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe, tó sì ń ṣiṣẹ́ jù: kọ̀wé sí ẹni tó kọ pépà náà. “Ẹ jọ̀ọ́, mò ń ṣiṣẹ́ lórí báyìí báyìí, n kò rí pépà yín kà, ṣé ẹ lè fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́?” Inú òǹkọ̀wé máa ń dùn pé ẹnì kan ń wá iṣẹ́ òun.

Láti òní lọ, fi gbogbo ohun tó o bá kà sínú Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtọ́ka. Ọ̀fẹ́ ni. Bí jọ́nà kan bá fẹ́ ìtọ́ka ní ìlànà OSCOLA, tí òmíràn fẹ́ ti Bluebook, Zotero á yí ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ padà fún ọ, ìwọ á kàn fojú yẹ̀ ẹ́ wò. Gba nọ́ńbà ORCID náà, kí iṣẹ́ rẹ má baà bọ́ sórí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Olùkọ́ Ìtàn, Ifẹ̀

Lórí àwọn àgbà: bẹ́ẹ̀ ni, fi wọ́n sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe é bí ó ti yẹ. Gba ìwé àṣẹ ìlànà ìwádìí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o kí o tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣàlàyé fún màmá àti àwọn bàbá náà ní Yorùbá ohun tó o fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ta ni ẹni náà jẹ́ nínú ilé, níbo ló wà lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ni adájọ́ fi máa ń wọn ẹ̀rí ẹnu.

Kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí o tó túmọ̀ rẹ̀. Dòsùnmú kò bá kọ́ńsù sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ló wà láàárín wọn. Kí ni ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ lò fún “give, transfer” tó wà nínú àdéhùn náà? Ṣé “fi tọrẹ” ni, ṣé “yá” ni, ṣé “fi sábẹ́ ààbò” ni? Lójú òfin ilẹ̀ wa, olóyè kì í ta ilẹ̀ ìdílé bí ẹni ta aṣọ. Nígbà tí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Herbert Macaulay bá a lọ, ohun tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lọ́dún 1921 ni pé àdéhùn 1861 kò gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ṣé o rí i? Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ṣì ń túmọ̀ ohun tí Dòsùnmú fi sílẹ̀.

Ìyá Olóòtú

Mo ti bá jọ́nà òfin méjì ṣiṣẹ́ olóòtú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ìhà kejì tábìlì.

Pépà tó bá dé ọwọ́ mi, àṣamọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kà, lẹ́yìn náà ojú-ewé méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn ìtọ́ka ìsàlẹ̀ ìwé. Bí mo bá ka ojú-ewé méjì tí n kò tíì mọ ohun tuntun tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ, mo máa ń dá a padà. Orí àpilẹ̀kọ tí wọ́n kàn gé jáde la máa ń mọ̀ kíá: á máa sọ pé “gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ní orí kejì”, á lo ojú-ewé mẹ́wàá láti ṣàlàyé ohun tí gbogbo wa ti mọ̀. Àbúrò, má ṣe tún orí yẹn ṣe. Ṣí ojú-ìwé tuntun, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí Agbẹjọ́rò sọ lókè, pé ta ni wọ́n halẹ̀ mọ́.

Kí o tó yan jọ́nà, ka ohun tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ṣé wọ́n ń gba ìtàn mọ́ òfin? Journal of the History of International Law ń ṣe irú rẹ̀. African Journal of International and Comparative Law wà, Journal of African Law wà, TWAIL Review wà fún àwọn tó ń wo òfin àgbáyé láti ojú àwọn tí wọ́n mú sìn. Wo iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹ́, kí o má ṣe kọjá rẹ̀.

Jọ́nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Nínú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń ṣàyẹ̀wò, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi pépà kan náà ránṣẹ́ sí méjì. Àwọn jọ́nà yunifásítì òfin ní Amẹ́ríkà nìkan ló yàtọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe olóòtú ibẹ̀, wọ́n sì gbà kí o fi ránṣẹ́ sí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yọ orúkọ rẹ kúrò nínú fáìlì pátápátá, títí kan ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀. Má kọ “nínú àpilẹ̀kọ másítà mi” sí ìtọ́ka.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni kí o fojú sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, o lè kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́ béèrè. Bí wọ́n bá ní kí o tún un ṣe, kí inú rẹ dùn, díẹ̀ nínú wa ni wọ́n gba pépà rẹ̀ láìtún un ṣe. Kọ gbogbo ohun tí aṣàyẹ̀wò sọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fèsì sí ìkọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀: ohun tó o ti yí padà àti ojú-ewé tó wà. Èyí tí o kò bá gbà, sọ pé o kò gbà, kí o sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun kan tó máa ń bí mi nínú ni ti orúkọ. Mo ti rí pépà akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹni tó jẹ́ alábòójútó rẹ̀ fi orúkọ tirẹ̀ síwájú láìkọ ìlà kan. Bí ìwọ nìkan ló kọ ọ́, orúkọ rẹ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ alábòójútó ní ìtọ́ka àkọ́kọ́, ìyẹn ni àyè tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹta

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìyá Olóòtú. Kí o tó kọ pépà gígùn, kọ kúkúrú, ọ̀rọ̀ 1,500 bẹ́ẹ̀, fún Afronomicslaw tàbí Opinio Juris, àwọn búlọ́ọ̀gì òfin àgbáyé. Àwọn olóòtú ibẹ̀ kì í pẹ́ fèsì. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan tí n kò mọ̀ rí ló kà á tó fi ìwé kan hàn mí tó yí gbogbo èrò mi padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ AI láti wá ẹjọ́, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Lọ́dún 2023 ní New York, nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, agbẹjọ́rò kó ẹjọ́ tí kò sí láyé wá síwájú adájọ́ torí ẹ̀rọ ló hùmọ̀ wọn. Wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 fún wọn. Ohun tí ẹ kò bá fi ojú ara yín rí, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ìtọ́ka.

Ìyá Olóòtú

Mo gbà fún ọ, Akẹ́kọ̀ọ́. Kí ó kàn kọ́kọ́ ka ìlànà jọ́nà tó ń lọ, torí àwọn mìíràn fẹ́ mọ̀ bí apá kan bá ti jáde rí. Kó sọ ọ́ nínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́, kò ní sí wàhálà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú àárò o. Oṣù mọ́kànlá rèé. Mo tún pépà náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Kew fún mi lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ya ojú-ewé 64 ránṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún un. Mo gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù kejì ni mo fi pépà ránṣẹ́, lánàá ni èsì dé: wọ́n ní kí n tún un ṣe kí n dá a padà.

Aṣàyẹ̀wò àkọ́kọ́ fẹ́ràn ibi tí mo ti ya ìhalẹ̀ mọ́ ọba sọ́tọ̀ kúrò lára ìhalẹ̀ mọ́ ìlú. Ìkejì ní kí n yọ gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kúrò, ó ní ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí nínú òfin àgbáyé. Oṣù méjì ni wọ́n fún mi. N kò fẹ́ yọ ìyá àgbà kúrò. Kí ni kí n ṣe?

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Má yọ wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn tí mo ní kí o kà, àjọṣe àwọn ẹ̀yà àti ọba tí wọ́n ń wárí fún ni ilé-ẹjọ́ gbé yẹ̀ wò. Tọ́ka sí i. Lẹ́yìn náà, yí ipò wọn padà nínú pépà: kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ló ń fìdí òtítọ́ múlẹ̀ nìkan, kó jẹ́ pé òun ló ń fi bí àwọn ará Èkó ṣe lóye àdéhùn náà hàn. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ẹ̀hónú Dòsùnmú fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, kí aṣàyẹ̀wò kejì wá sọ ohun tó kù.

Ìyá Olóòtú

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nínú èsì rẹ, bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Mo dúpẹ́ fún àkíyèsí yìí. Mo ti tún apá kẹrin kọ láti fi hàn kedere ohun tí mo ń lo ẹ̀rí ẹnu fún àti ohun tí n kò lò ó fún.” Olóòtú ló ni ìpinnu, kì í ṣe aṣàyẹ̀wò. Fi àpilẹ̀kọ èsì náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi sílẹ̀, mo máa kà á ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, mà. Ọjọ́ Ẹtì ni màá fi ránṣẹ́ sí yín.